Kànga Mẹ́tàdínlógún Tó Di Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Bí ènìyàn bá wọ Ìsọlọ̀-Ọ̀pin láti ọ̀nà Ọ̀sí, tí ó sì béèrè ilé Ajíbọ́lá Olóyèdé, àwọn tí ó bi léèrè lè máa wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè Bàbá Oníkànga, ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ pàápàá yóò na ìka sí ọ̀nà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí ti fi ń gbẹ́ kànga ní àwọn ìlú wa. Kò ga, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ gbòòrò. Àpá kún ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé ìgbọ̀nwọ́ ni agbẹ́kànga fi ń ti ògiri nígbà tí ó bá ń gòkè bọ̀ láti inú ihò.

Àwọn agbẹ́kànga mìíràn wà. Ohun tí ó ya Olóyèdé sọ́tọ̀ ni pé àwọn ènìyàn gbà pé kì í wá omi, Ọlọ́run ni ó máa ń fi omi hàn án. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní Ìjọ Àánú Orí-Òkè, ìjọ Aládùúrà tí ó wà lẹ́yìn ọjà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, oorun gbé e lọ, ó sì lálàá pé òun dúró nínú omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá òun ní abúlé kejì. Ó gbẹ́ ibẹ̀. Omi sì jáde ní ìdúró ènìyàn mẹ́fà, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí odò ibẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Títí di òní olónìí, àwọn ẹbí rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ṣì ń fà nínú kànga náà.

Láti ìgbà náà ni kò ti yí ìlànà rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá pè é sí ilẹ̀ kan, yóò bọ́ bàtà, yóò di aṣọ funfun mọ́ ìbàdí, yóò ka Sáàmù kan, yóò sì máa rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ náà títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi tutù. Ibi tí ó bá ti tutù ni yóò kúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni yóò sì fi gìgísẹ̀ sàmì sí. Lẹ́yìn èyí ni Issa yóò gbé dígà àti okùn dé.

Issa ni ẹni tí ń fa okùn fún un. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni, mùsùlùmí ni, kò sì sí ohun tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú ihò, èkejì ní etí ihò.

Àṣà kan wà láàárín wa nípa kànga. Bí dígà bá kan àpáta tí kò ṣeé fọ́, tí ìsàlẹ̀ ihò sì gbẹ táútáú, ẹnì kan kì í la ẹnu sọ pé kànga yìí gbẹ. Wọ́n gbà pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa lé omi sá kúrò nínú ilẹ̀ tí ó ṣẹ́kù. Erùpẹ̀, eérú àti pàǹtí ilé ni wọn yóò fi dí ihò náà, wọn yóò sì gbin ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sí ojú rẹ̀. Onílé yóò wá sọ pé, "Ọlọ́run fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dáhùn." Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà a sì máa so wọ̀ǹtìwọnti, nítorí pé ilẹ̀ tí a ti tú jìn a máa rọ gbòǹgbò lọ́rùn. Wọn yóò jẹ ẹ́, wọn yóò dúpẹ́, ọ̀rọ̀ yóò sì tán síbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà ọdún tí ó kọjá ni Ìjọ Àánú Orí-Òkè pinnu láti gbẹ́ kànga sínú ọgbà ìjọ, kí àwọn obìnrin ẹ̀yìn ọjà lè bọ́ lọ́wọ́ odò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkè. Ẹyọ kan ṣoṣo ni agbára ìjọ ká. Wọ́n sì fẹ́ gbẹ́ ẹ kí òjò tó dé, nítorí pé kànga tí ó bá lómi nínú ọ̀gbẹlẹ̀ kò ní gbẹ mọ́. Olóyèdé bọ́ bàtà, ó rìn yí ọgbà náà ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù ní òkè pátápátá, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pẹpẹ. Gbogbo ìjọ pariwo ayọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìjọ tí ó wà ní Ìlọrin ti rán ọ̀dọ́kùnrin kan wá, Abdulhafeez, tí ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò. Ó dé ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Ó kan irin kéékèèké mọ́lẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, ó fa wáyà láti ọ̀kan dé èkejì, ó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé. Alàgbà Adégbìtẹ́, olórí ìjọ, jókòó sórí àga, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ẹni tí ń fọ aṣọ ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó ṣe tán, ó kí Olóyèdé pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ àṣelà. Wọ́n sọ fún mi pé kànga tí ẹ ti gbẹ́ tó ogójì."

"Ó lé díẹ̀."

"Mélòó ni kò lómi nínú wọn, sà?"

"Kò sí," ni Olóyèdé wí.

Issa wúkọ́. Ó gbé ojú sókè bí ẹni tí ń wá ẹyẹ lórí igi.

Abdulhafeez kò jiyàn. Ó ṣàlàyé fún Alàgbà pé àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ ní òkè lẹ́bàá pẹpẹ, àti pé ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ jìn, tí omi lè sùn sí, ni ìsàlẹ̀ ọgbà, láàárín igi kajú méjì. Alàgbà Adégbìtẹ́ gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí Olóyèdé.

"Bàbá Dára, ọ̀rọ̀ di méjì. Ọmọ yìí ní kajú, ẹ̀yin ní pẹpẹ. A kò sì lè gbẹ́ méjì. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ ó dìde fún wa, ẹ ó sọ ibi tí ó jẹ́. Ibi tí ẹ bá wí náà la ó gbẹ́."

Olóyèdé dáhùn pé kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn lọ sílé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kajú ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìbéèrè ọ̀dọ́kùnrin náà ni.

Nígbà tí ó dé ilé, Fúnmilọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ korobá omi kalẹ̀ láti orí ni. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń dà á láàmú láti ọdún méjì sẹ́yìn, nítorí náà ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú.

"Ìyá Dára, ọmọ tí ó ní ẹ̀rọ yẹn bi mí ní ọ̀rọ̀ kan lónìí."

"Kí ló bi yín?"

"Ó ní kànga mi mélòó ni kò lómi."

"Kí lẹ wá fọ̀?"

"Mo ní kò sí."

Fúnmilọ́lá da omi náà sínú ìkòkò, ó dé e. Kò yára.

"Bàbá Dára, níbo ni mo ti ń bọ̀ yìí?"

"Odò."

"Kí ló wà ní ẹ̀yìnkùlé wa?"

Olóyèdé fẹ́ sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó yíjú sí ẹ̀yìnkùlé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó rìn lórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí ó sì kan àpáta ní ìdúró ènìyàn mẹ́rin. Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún Abdulhafeez. Láti ọjọ́ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ibẹ̀ ni ibẹ̀ ti kúrò ní kànga lọ́kàn rẹ̀. Ó ti jẹ dòdò rẹ̀ láìmọye ìgbà, ìyàwó rẹ̀ sì ń lọ sí odò ní gbogbo ìgbà náà.

"N kò sọ ọ́ láti bú yín," ni Fúnmilọ́lá wí. "Ìbéèrè ọmọ náà kò le. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ yóò kà á ni."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Olóyèdé ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sínú àpò kan, ó sì gbé e fún Issa pé kí ó wò ó.

"Kí lèyí, Bàbá? Ṣé a ń lọ fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko ni?"

"Gbé alùpùpù rẹ jáde. Gbogbo kànga tí mo ti gbẹ́ la ń lọ wò. Èyí tí ó lómi, òkúta rẹ̀ yóò wọ àpò ọ̀tún. Èyí tí ó di ọ̀gẹ̀dẹ̀, òkúta rẹ̀ yóò wọ àpò òsì."

Issa wò ó títí. "Bàbá, Bàbá Oníkànga ni wọ́n ń pè yín o. Ṣé Bàbá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ wá ló wù yín ni?"

Síbẹ̀ ó gbé alùpùpù jáde. Kí wọ́n tó gbéra, Olóyèdé rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tààrà, ó sì ju òkúta àkọ́kọ́ sínú àpò òsì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìrìn-àjò náà gbà wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ìlú Ọ̀pin, wọ́n gba Ọ̀sí kọjá, wọ́n dé Erúkù, wọ́n sì yí gba Ìlọ́fà. Eruku ọ̀gbẹlẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà débi pé ìpéǹpéjú àwọn méjèèjì pupa bí ẹni tí ó fi osùn kun ojú. Ní ibòmíràn, inú Olóyèdé dùn. Ó bá kànga tí ó ti gbẹ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí okùn ti gé ilà jínjìn sí etí rẹ̀ nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń fà á, omi rẹ̀ sì ń dán nísàlẹ̀ bí ojú ẹranko. Àwọn onílé sáré jáde, wọ́n súre fún un, wọ́n fún un ní omi mu. Ní Ọ̀sí, ó bá ilẹ̀ kan tí ó rántí dáadáa, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tutù ní ibì kankan rí bí ó ti tutù ní ibẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó bá. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́, kí ó tó ju òkúta sí àpò òsì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n dé ilé Mùfúlíátù ní Erúkù, opó kan tí ń ta gààrí. Ó rí wọn lókèèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Bàbá Oníkànga! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wá mú ìpín yín nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń retí yín!"

"Mo wá kà á ni, Ìyá."

"Ẹ wá kà á? Ẹ kúkú wá ka irun orí mi, tí garawa ti hó tán!" Ó ṣí gèlè, ó sì fi àárín orí rẹ̀ hàn wọ́n. Issa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Olóyèdé kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà pé ó gbẹ?" ni ó béèrè.

"Kí ni n kò ní mọ̀? Ṣé omi ni mo ń pọn nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni?"

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Mùfúlíátù wé gèlè rẹ̀ padà. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Bàbá, ọjọ́ mẹ́jọ lẹ fi wà nínú ihò nítorí mi. Àtẹ́lẹwọ́ yín bó. Nígbà tí ẹ gòkè, ẹ kò lè wo ojú mi. Ṣé kí n wá tún fi ẹnu bà yín jẹ́ ni? Gbogbo wa la mọ̀. Ẹ̀yin nìkan la kò fẹ́ kí ó gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Olóyèdé lára ju èébú lọ. Nígbà tí Issa wọ mọ́sáláṣí láti kírun Jímọ̀, òun jókòó síta lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi ọwọ́ kan òkúta inú àpò òsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti rò pé iyèméjì ni yóò ba ẹ̀bùn òun jẹ́. Kò mọ̀ pé àánú àwọn ènìyàn ni ó ti ń bò ó lójú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n dé kànga tí ó kẹ́yìn ní Ìlọ́fà. Omi wà nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó sí etí rẹ̀ láti jẹ iṣu sísun tí Fúnmilọ́lá dì fún wọn.

"Bàbá," ni Issa wí, "ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Nígbà tí ẹ bá ti gbàdúrà tán, tí ẹ fẹ́ wọ kànga tí a ti fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí la máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀?"

"Fìtílà."

"Kí nìdí rẹ̀?"

"O mọ̀ ọ́n. Bí iná bá kú, atẹ́gùn ibẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ kò ní jáde."

"Ṣé àdúrà kò tó ni?"

Olóyèdé gbé iṣu kúrò lẹ́nu. "Issa, àdúrà ni mo fi ń ní ìgboyà láti wọlé. Fìtílà ni yóò sọ fún mi bóyá kí n wọlé."

"N kò sọ nǹkan kan o," ni Issa wí, ó sì bu iṣu sí ẹnu. "Mo kàn béèrè ni."

Wọ́n da òkúta sílẹ̀, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́tàlélógójì ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lómi. Mẹ́tàdínlógún ni ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Olóyèdé ní kí Issa bá òun pe Abdulhafeez lórí fóònù. Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin náà gbé e, bàbá náà kò fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Ọmọ mi, ìbéèrè tí o bi mí níjọ́sí, èmi náà fẹ́ bi ọ́. Ihò tí ẹ̀rọ rẹ tọ́ka sí, mélòó ni kò lómi?"

"Ẹ jẹ́ kí n wo ìwé mi, sà." Ó pẹ́ díẹ̀. "Nínú ogún tí mo ṣe kẹ́yìn, mẹ́rin gbẹ."

"O kọ èyí tí ó gbẹ sílẹ̀?"

"Òun ni mo tilẹ̀ ń kọ́kọ́ kọ, Bàbá. Bí n kò bá kọ ọ́, báwo ni n ó ṣe mọ ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣì mí lọ́nà?"

Olóyèdé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò ó bí wọ́n ti ń padà lọ sílé. Ẹ̀rọ náà ń ṣìnà lẹ́ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ń ṣìnà bí ìgbà méjì nínú márùn-ún. Ìṣirò náà kò ṣòro, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Ohun tí ó ṣòro ni pé bí ó bá sọ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú, kò mọ orúkọ tí yóò máa jẹ́ láti ọjọ́ Ajé lọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó ti jẹ́ ẹni tí Ọlọ́run ń fi omi hàn. Yàtọ̀ sí èyí, àgbàlagbà tí ó ní dígà lásán ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìjọ kún. Ní Ìjọ Àánú Orí-Òkè, ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ fún ìjọ, àsìkò ẹ̀rí ni ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́, bí ó bá sì ti ń sọ gbólóhùn kan ni ìjọ ń dáhùn pẹ̀lú Halelúyà. Olóyèdé dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó bọ́ síwájú.

"Ẹ̀yin ará, mo kí yín ní orúkọ Olúwa."

"Halelúyà!"

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lọ wo gbogbo kànga tí mo ti gbẹ́ láti ìgbà èwe mi."

"Halelúyà!"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn lómi."

"Halelúyà! Halelúyà!"

"Mẹ́tàdínlógún gbẹ."

"Halelúyà!"

Ohùn ìkẹyìn náà já ní agbede méjì. Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ẹni tí ó tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ náà rí nínú ilé àdúrà, pàápàá jù lọ láti ẹnu ẹni tí ó sọ ọ́. Olóyèdé tú òkúta inú àpò méjèèjì sórí tábìlì ní òkìtì méjì, kí wọ́n lè rí i.

Alàgbà Adégbìtẹ́ sún mọ́ ọn. Kò gbé ohùn sókè. "Bàbá Dára, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé Ọlọ́run kò fi nǹkan kan hàn yín rí?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, Alàgbà. N kò mọ èyí tí Ó fi hàn mí àti èyí tí mo fi han ara mi. Ẹsẹ̀ mi tutù bákan náà ní ibi méjèèjì. Ohun tí mo kà ni mo sọ fún yín."

Nígbà náà ni ìyá arúgbó kan láàárín ẹgbẹ́ akọrin dìde, ó sì fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Ẹni tí ó lè dúró níwájú pẹpẹ, kí ó tú ara rẹ̀ síta báyìí, kò lè tàn wá jẹ. Ẹ fi í sílẹ̀! Ibi tí ó bá wí náà la ó gbẹ́!"

Ìjọ bú sí àtẹ́wọ́. Olóyèdé dúró láàárín ariwo náà bí ẹni tí ó ju ẹrù sílẹ̀, tí wọ́n tún gbé e padà lé e lórí. Ó wá láti mú ìgbàgbọ́ wọn nínú ẹsẹ̀ òun dín kù, ó sì ti sọ ọ́ di púpọ̀. Ó rí i pé bí òun bá dárúkọ pẹpẹ báyìí, wọn yóò fi orin gbẹ́ ibẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan, ó wù ú. Ó rí Fúnmilọ́lá ní ìlà àwọn obìnrin, tí ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ síwájú nítorí ìrora.

"Ẹ gbẹ́ ẹ sí àárín igi kajú," ni ó wí.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Olóyèdé kúnlẹ̀, ó gbàdúrà bí ó ti máa ń ṣe, ó sì wọ ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ rọrùn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ní ìdúró ènìyàn márùn-ún, dígà kan ohun líle kan, ó sì dún kóró. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Ó dún bẹ́ẹ̀. Nínú òkùnkùn ihò náà ni ó ti ṣàkíyèsí ohun kan nínú ọkàn ara rẹ̀ tí ó tì í lójú: ó wù ú kí ó gbẹ. Ó wù ú kí àpáta ọ̀hún gbòòrò títí dé Ọ̀sí, kí wọ́n lè sọ pé ẹ̀rọ purọ́, pé pẹpẹ ni ì bá jẹ́. Àwọn obìnrin tí yóò máa gun òkè odò nítorí ìfẹ́-ọkàn rẹ̀ yìí kò wá sí i lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá.

"Bàbá, ṣé ẹ ti sùn ni?" ni Issa pè láti òkè.

"Sọ ṣísẹ́lì ńlá kalẹ̀ fún mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi gé ohun líle náà. Kì í ṣe àpáta gidi, ìpele òkúta pupa kan ni, kò nípọn ju apá ènìyàn lọ. Lábẹ́ rẹ̀, erùpẹ̀ funfun tí ó rọ̀ bí ẹ̀lùbọ́ ni ó bá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, ní ìdúró ènìyàn méje, ẹ̀gbẹ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó fi ọwọ́ kàn án. Ó tọ́ ọ wò. Nígbà tí ó fi máa tún gbé dígà sókè, omi ti bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Issa!" ni ó kígbe. "Ó ti dé!"

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, Alàgbà Adégbìtẹ́ dúró lórí pẹpẹ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó tún fi omi han ìránṣẹ́ rẹ̀. Olóyèdé dìde ní ẹ̀yìn.

"Alàgbà, ẹ forí jì mí. Ẹ̀rọ ni."

"Ta ló dá ẹ̀rọ náà, Bàbá Dára?" ni Alàgbà béèrè, pẹ̀lú ohùn ẹni tí ó ti mọ èsì.

"Abdulhafeez ní àwọn ará Ṣáínà ni."

Ìjọ rẹ́rìn-ín títí orin fi dàrú. Alàgbà alára kò lè mú un mọ́ra. Nígbà tí ó nu ojú tán, ó ní, "Ó dára. A ó gbàdúrà fún àwọn ará Ṣáínà náà." Wọ́n sì gbàdúrà fún wọn ní tòótọ́, wọ́n dárúkọ Abdulhafeez mọ́ wọn.

Àwọn kan rò pé Bàbá Oníkànga yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Mìkáílù ránṣẹ́ pè é láti Ọ̀bọ̀-Ilé, pé kí ó wá fi ibi tí omi wà han òun. Olóyèdé lọ, òun àti Issa. Mìkáílù ti gbá ilẹ̀, ó ti tẹ́ ẹní, ó sì ti gbé omi tútù sílẹ̀. Bàbá náà kò tíì jókòó tí ó fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Kí n tó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ yín, ó yẹ kí ẹ mọ èyí. Mẹ́tàlélógójì ni mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi wá. Mẹ́tàdínlógún gbẹ. Ọmọ kan wà ní Ìlọrin tí ẹ̀rọ rẹ̀ sàn ju ẹsẹ̀ mi lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń ṣìnà. Nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá pè é, èmi náà ni n ó bá yín gbẹ́ ẹ, n ó sì gbàdúrà sí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí n rìn ín, n ó rìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ó yàn."

Mìkáílù wò ó, ó wo Issa.

"Ṣé bí bàbá yìí ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí?"

"Láti Ẹrẹ́nà ọdún tó kọjá ni," ni Issa wí. "Ẹ fara dà á. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì dára."

Mìkáílù yọ fìlà, ó họ orí, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀ ná. Ó wọlé lọ. Olóyèdé jókòó sórí ẹní, ó gba ife omi tí Issa bù fún un, ó sì ń gbọ́ ohùn tọkọtaya náà bí wọ́n ti ń jiyàn nínú ilé. Kò yọ ọ́ lẹ́nu láti dúró.